Ọmọpẹ́ àti Télọ̀ Ifẹ̀-Ọ̀dàn

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko, ẹ kú ara fẹ́ra kù o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ìlú Ọlá wá, a rí yín, ẹsẹ̀ yín ò ní rin irú ẹ̀ mọ́. Èmi ni Ràshídátù, télọ̀, ọ̀rẹ́ Ọmọpẹ́ láti ìwé kẹta. Àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì péré ló mú un lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ rere nípa òkú. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mo sì ń jowú, n ò ní í parọ́ níwájú pósí.

Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ tí Ọmọpẹ́ ń ṣe. Ó kàwé nípa ìlera ọpọlọ, ó padà wálé sí Èjìgbò yìí, ó gba yàrá kan lẹ́yìn ọjà, ó to àga méjì síbẹ̀. Ẹni tí ayé sú, ẹni tí ò roorun sùn, ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Àwọn kan nínú yín ní, "Ṣé torí kó lè máa jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ló ṣe lọ Yunifásítì?" Ẹ̀yin náà lẹ tún ń lọ síbẹ̀ nígbà tó kàn yín. Ẹ má dorí kodò, mo mọ̀ yín!

Lùkmọ́nù dà? Ó wà lọ́hùn-ún yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́. Nígbà tó ti Àbíjàn dé tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ẹ kí i títí, "Sà fa" Faransé náà ni: ó dáa, kò séwu. Ọmọpẹ́ olóríkunkun gbé ẹ̀gúsí lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó jókòó, ó ń bó o. Ọjọ́ kìíní, sà fa. Ọjọ́ kejì, sà fa. Lọ́jọ́ kẹrin ọkùnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó jókòó tì í, ó bu ẹ̀gúsí sọ́wọ́, ó ní, "Àǹtí, sà fa pa." Kò dáa. Ibẹ̀ ni àlàáfíà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí bó ṣe sanra lónìí?

Ẹ wá gbọ́ tèmi. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi rán aṣọ Ọmọpẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ ìbàdí rẹ̀ bíi tèmi. Lọ́jọ́ kan, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí fóònù. Mo gbọ́ ọ tó ní, "Gbogbo ẹ̀ ló ti fún mọ́ mi lára, mà. N ò lè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u díẹ̀díẹ̀. Mò ń bọ̀ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn lọ́jọ́rú." Háà! Ẹ gbà mí! Kí ló ń fún mọ́ni lára bí kì í bá ṣe bùbá? Kí là ń tú bí kì í bá ṣe ojú rírán? Ọmọpẹ́ ti gba télọ̀ mìíràn!

Nígbà tó di ọjọ́rú, mo gun ọ̀kadà Wàsíù, mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó di Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Mo já wọ ilé tó wọ̀ láìkágò, mo ní, "Maṣíìnì ọ̀hún dà?" Kò sí maṣíìnì. Ìyá Débọ̀ ni mo bá níbẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ Ọmọpẹ́ gan-an. Ọmọpẹ́ jókòó níwájú wọn, ó ń sunkún, ikun imú ń ṣàn. Ọmọpẹ́ tó ń gbọ́ ẹkún gbogbo Èjìgbò! Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀, mo mọ òwe yẹn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kì í ṣe èmi ni mo bá a gbẹ́ ẹ?

Ẹ̀yin èèyàn mi, tó bá jẹ́ télọ̀ ni, ǹ bá dárí jì í. Láti ìwé kẹta, n ò rí omi lójú Ọmọpẹ́ rí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, èmi ni mo sunkún, òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó wá lọ kó omijé fún ẹni tí n ò mọ̀ rí! Oṣù mẹ́ta ni n ò fi bá a sọ̀rọ̀. Aṣọ rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi, mo ká a jọ, n ò rán an.

Òun ló wá bá mi. Mo ní, "Kí ni mo ṣe fún ọ? Ta ló mọ̀ ọ́ tó mi?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ràshídá, bí mo bá sunkún níwájú ẹ, wàá gba ẹkún náà lọ́wọ́ mi sun. Èmi ni màá tún dìde wá rẹ̀ ọ́ lẹ́kún. Ọ̀rẹ́ mi, ó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ ibi tí mo ti lè sunkún tán." Ó ní kí n má fi í pamọ́ fẹ́nikẹ́ni, kí àwọn tó ń tijú wá sọ́dọ̀ òun lè gbọ́ pé òun náà ń lọ síbì kan. Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí dọ́kàn.

Ìyá Débọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Mo ṣì ń jowú yín o. Lánàá mo lọ bá màmá yìí, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mà, ṣé ó dárúkọ mi? Ṣé èmi náà wà lára ohun tó wúwo lọ́rùn rẹ̀?" Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Ràshídátù, ọ̀rọ̀ Ọmọpẹ́ ò sí lẹ́nu mi." Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò sọ. Mo bínú kúrò níbẹ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rò ó pé, bí wọ́n bá sọ ọ́ fún mi, ta ni yóò tún finú hàn wọ́n? Ọ̀rẹ́ mi mọ ẹni tó yàn. Ẹ ṣeun, mà. Ó ń dùn mí o, ṣùgbọ́n ẹ ṣeun.

Ọmọpẹ́, máa lọ ní àlàáfíà. Rọra rìn, ọ̀nà ò lẹ́gùn-ún fún ọ. Tó o bá débẹ̀, tí ìyá ẹ bá bi ọ́ bó o ti wà, má sọ pé kò séwu, òótọ́ ni kó o sọ fún wọn.

Ẹkún ti dé sí mi báyìí, mo mọ̀ pé ò ń gbọ́. Má dìde o. Ọmọpẹ́, má dìde wá rẹ̀ mí lẹ́kún. Èèyàn pọ̀ níbí tó máa rẹ̀ mí. Ìwọ sùn.