Àwọn Orin Màmá Ìgbẹ́kẹ̀lé

Bí iná bá ń jó lábẹ́ ẹní, ẹni tó jókòó lé e ni yóò kọ́kọ́ dìde. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí à ń wí yìí, nínú ilé àdúrà kan ní Ìfàkò, Àrínọlá ló dìde. Àkókò ẹ̀rí ni. Gbogbo ìjọ rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni, nítorí òun ni olùkọ́ kọ̀ǹpútà wọn, ọmọ jẹ́jẹ́ tó máa ń ka ìwé ìtàn àyálò títí oúnjẹ yóò fi jóná mọ́ ọn lórí sítóòfù.

"Ẹ má tíì ké Halelúyà," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Ohun tí mo mú wá kì í ṣe ẹ̀rí. Òótọ́ ni, ó sì ti pẹ́ nínú mi débi tó fi ń rùn. Jimoh kọ́ ló ba kọ̀ǹpútà Màmá jẹ́. Èmi ni mo pa ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, mo sì dákẹ́ nígbà tí ẹ lé ọmọ ọlọ́mọ."

Ariwo ta. Alàgbà Bọ́dúndé, bàbá ará Èkìtì tó jẹ́ olórí ìjọ, gbé ọ̀pá wọn sókè, gbogbo ilé sì pa rọ́rọ́.

"Kúnlẹ̀, ọmọ mi. Sọ pé èṣù ló tì ọ́, Ọlọ́run á forí jì ọ́."

"Sà, mi ò ní purọ́ mọ́ èṣù. Èṣù ò mọ kọ̀ǹpútà lò."

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, àwọn ìyá wọn yí ojú mọ́ wọn. Àrínọlá kò kúnlẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí gbogbo ayé ń pariwo pé ẹni tí kò bá mọ kọ̀ǹpútà ti di ẹni ẹ̀yìn, ilé iṣẹ́ kan tó ń palẹ̀ mọ́ ní Ìlúpéjú kó ògbólógbòó kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ìjọ. Wọ́n wọ́n omi ìyàsímímọ́ sí wọn lára, díẹ̀ ló kù kí ọ̀kan kú lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tó dára jù ni wọ́n fún Màmá Ìgbẹ́kẹ̀lé, akọ̀wé ẹ̀mí. Bí ẹnikẹ́ni bá wà nínú ẹ̀mí tí orin bá ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, Màmá ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà tán, wọ́n á sun bébà náà lójú pẹpẹ, nítorí ohun tí ẹ̀mí bá fọwọ́ kàn kì í wọ inú pàǹtírí. Ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń mú orin tuntun kan jáde nínú rẹ̀ fún ìjọ, èyí tí wọn kò tíì mú jáde ló sì pọ̀ jù nígbà tí Màmá sùn nínú Olúwa. Ẹ̀dà míì kò sí. Alàgbà ló kà á léèwọ̀. "Orin ẹ̀mí kì í ṣe ọjà," ni wọ́n máa ń wí. "Ẹ dà á kọ lónìí, ẹ ó bá a nínú kásẹ́ẹ̀tì l'Ọ́gbà lọ́la."

Nígbà tó yá, àwọn kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòjòjò. Fáírọ́ọ̀sì wọ̀ wọ́n, Wíńdòsì orí wọn á ṣí díẹ̀, á sì dì pa bí ẹ̀kọ tútù. Àrínọlá gba Ìkẹjà lọ, sọ́dọ̀ Felix tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe l'Ọ́tígbà. Felix na sídíì kan sí i.

"Línọ́ọ̀sì nìyí, òun lẹ máa fi rọ́pò Wíńdòsì. Á sáré lórí ẹ̀rọ tó ti gbó. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ṣe é ní kí ẹni tó bá wù máa lò ó, kó máa tún un ṣe, kó sì máa fún ẹlòmíì."

"Ọ̀fẹ́, n'Íkẹjà? Ta ni wọ́n fẹ́ fi ṣòògùn owó?"

"Sister, ìwé ìtàn tẹ́ ẹ̀ ń kà yẹn ti pọ̀ jù. Ṣá o, kẹ́ ẹ tó fi í sórí ẹ̀rọ kankan, ẹ kọ́kọ́ da ohun tó wà níbẹ̀ kọ sórí dísíkì."

Títí ó fi délé ni Àrínọlá ń lálàá nípa àwọn àjèjì wọ̀nyẹn tí wọ́n ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ bí omi àmù lẹ́bàá ọ̀nà, fún ẹnikẹ́ni tí òùngbẹ bá ń gbẹ. Ó fi í sórí kọ̀ǹpútà kan, ó ṣiṣẹ́. Ó fi í sórí òmíràn, ẹ̀rọ tí wọ́n ti fẹ́ sọ nù ń sáré bí ọmọdé. Orí rẹ̀ wú. Ló bá kan ti Màmá. Felix ní kó da nǹkan kọ, Alàgbà ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dà á kọ. Ó gba ti Alàgbà. Ẹ̀rọ bi í pé ṣé kí òun gba gbogbo inú, pé ohun tó wà níbẹ̀ yóò pa rẹ́. Ó fò ó bí èèyàn ṣe ń fo ojú ewé tí ìtàn ò ti dùn. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

"Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn," ó sọ fún ìjọ. "NEPA mú iná lọ, Jimoh tan jẹnẹrétọ̀ bí iṣẹ́ ẹ̀. Nígbà tí ẹ béèrè orin tí orin ò sí, ẹnì kan nínú yín ní, 'Àbí iná jẹnẹrétọ̀ ló jó o?' Gbogbo yín yíjú sí mi. Mo ní, 'Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.' Ẹ wo bí irọ́ ṣe kéré tó! Jimoh ní, 'Sister Àrínọlá, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ṣé iná fò?' Mo wolẹ̀. Ẹ lé e. Ọjọ́rú dé, ẹ ń gbàdúrà lòdì sí ọwọ́ ibi Jimoh, èmi náà ń ṣe Àmín. Ọ̀rọ̀ náà dé Agége ṣáájú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ kó fọwọ́ kan jẹnẹrétọ̀ mọ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó sì kọ́ nìyẹn. Èyí burú. Èyí tó burú jù ṣì kù."

Ó kọjú sí Alàgbà.

"Alàgbà ní kí n wá orin Màmá rí, mo ní mo ti rí i. Sà, mi ò rí nǹkan kan. Gbogbo orin tuntun tí ẹ ti ń kọ láti ìgbà náà, orí ara mi ni mo ti hun ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ péré ni mo rántí láti ẹnu Màmá. Nígbà tí Felix sì mú Línọ́ọ̀sì tuntun wá, tí mo fẹ́ fi í rọ́pò ti àtijọ́, mo kọ́kọ́ da àwọn orin náà kọ sórí dísíkì. Ẹ gbọ́? Ti òkú, mi ò dà á kọ. Tèmi, mo dà á kọ."

Ìyá opó kan dìde níwájú. "Àrínọlá, èyí tí mo fi sunkún ọkọ mi ńkọ́?"

"Mà, ẹkún yín kì í ṣe irọ́. Ibi tí mo lè sọ ọ́ dé nìyẹn."

"Dárúkọ àwọn tó jẹ́ tìrẹ," ni Alàgbà fi igbe ta, "ká yọ wọ́n dànù!"

"Mi ò ní dárúkọ wọn, sà. Ẹ lé mi, ẹ gba kọ́kọ́rọ́, mo gbà. Àmọ́ mi ò ní bẹ̀bẹ̀ nítorí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti kú, mo jí wọn, àwọn ọmọ yín ló ń fi wọ́n kọ́ṣẹ́. 'Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀' tí mo sọ yẹn ni mò ń tọrọ ìdáríjì lé lórí. Mo ti lọ bá Jimoh. Ó ní, 'Sister, àánú kọ́ ni mò ń wá. Ẹ dá orúkọ mi padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un.' Ibí yìí la ti mú un. Ọjọ́ tí ẹ bá bẹ̀ ẹ́ níbí yìí, lójú gbogbo ìjọ, ọjọ́ náà ni n ó ya orin Màmá sọ́tọ̀ sí tèmi fún yín." Ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ̀yin náà, ẹ ka ohun tí ẹ̀rọ bá bi yín kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ da nǹkan kọ, kódà bí àgbà bá ní kẹ́ ẹ má dà á kọ. Bó bá sì bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má wá ẹni tí agbára ẹ̀ ò tó tiyín kẹ́ ẹ gbé e lé lórí."

"Jókòó!"

Kò jókòó. Alàgbà kọ ojú sí adarí orin. "Dá orin, jàre." Adarí orin la ẹnu, ó sì pa á dé. Ó tún la á. Orin tó wá sí i lọ́kàn, kò mọ ẹni tó ni ín. Gbogbo ìjọ ń wo ara wọn. Ẹnikẹ́ni kò dá orin.

Alàgbà yíjú padà sí Àrínọlá, ohùn wọn sì ti rọlẹ̀.

"Níbo ni ọmọ náà ń gbé?"

"Ẹ̀bá ojú irin, l'Agége, sà. Lẹ́yìn ìrun àlàásárì lẹ máa bá a nílé."

Bàbá gbé ọ̀pá, wọ́n kọrí sí ẹnu ọ̀nà nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, bí òfin ìjọ ṣe wí. Wọ́n ti ń tẹ yẹ̀pẹ̀ ìta nígbà tí Àrínọlá ké sí wọn.

"Sà! Ẹ má sọ fún un pé èṣù ni o. Ẹ sọ fún un pé Àrínọlá ni."