Àtẹ́lẹ̀ Bàtà Tí Mi Ò Yẹ̀ Wò

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé ohùn sókè: Ọba tó yọ ẹsẹ̀ mi nínú pàkúté, ògo rẹ kò ní wọmi láé! Halelúyà! Ẹ tún un ṣe, nítorí àwọn kan wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn tí wọn ò lanu. Mo rí yín.

Ẹ ṣé. Ẹ jókòó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í tètè gba èèyàn gbọ́. Akọ̀wé sítọ̀ọ̀ ni mí nílé iṣẹ́ abọ́ ní Ìkẹjà. Ẹni tó bá ti ṣọ́ sítọ̀ọ̀ fún ọdún mẹ́fà, bí ìyàwó rẹ̀ bá kí i káàárọ̀, á kọ́kọ́ wò ó lójú pé kí ló ń wá. Bí mo ṣe rí nìyẹn kí Ọlọ́run tó fi bàtà bá mi wí. Mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, àwọn tiwa nílé iṣẹ́ fẹ́ bá àwọn tó ń la gẹdú ní Agége gbá bọ́ọ̀lù. Rẹfirí tí a ń retí kò dé. Mo fura sí ìyẹn náà, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Nígbà tó sì jẹ́ pé èmi ni mo ní ìwé òfin bọ́ọ̀lù, tí mo máa ń bá gbogbo ayé jiyàn lé e lórí, tọ̀tún tòsì ní kí n wá fọn fèrè. Inú mi dùn, kí n má purọ́.

Ẹsẹ̀ lásán ni àwọn ará Agége fi ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn, wọ́n kàn fi aṣọ di ọrùn ẹsẹ̀ ni. Àwọn tiwa ló wọ bàtà. Bàtà bọ́ọ̀lù yìí, awọ ni wọ́n gé ní kókó kókó sí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ìṣó ni wọ́n sì fi kàn án mọ́ ọn. Bí awọ yẹn bá jẹ tán, ìṣó á yọrí. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí rẹfirí yẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tò. Mo ń sọ fún wọn níkọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ń gbé e, mo ń fọwọ́ pa á wò.

Ó wá kan Fóòmáànù, olórí àwọn òṣìṣẹ́ wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún jù mí lọ, òun ló bá mi wá yàrá tí mò ń gbé. Ta ni mí tí n ó fi sọ fún àgbàlagbà pé kó na àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ sí mi lójú láàárín èrò? Mo tẹrí ba, mo ní ẹ kú ìmúra, sà. Mo kọjá. Ẹ fi ìyẹn pamọ́ síbì kan, a máa padà síbẹ̀.

Eré gbóná. Ọ̀kan nínú àwọn ará Agége, Lámídì, yí bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ Fóòmáànù kọjá, gbogbo èrò sì fi Fóòmáànù rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Lámídì tún gba bọ́ọ̀lù, Fóòmáànù fò sókè pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì, ó já lu ojúgun rẹ̀. Igbe tí ọkùnrin yẹn ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ẹran ya, egungun hàn. Mo fọn fèrè, mo nawọ́ sí ẹ̀bá pápá, mo ní kí Fóòmáànù máa lọ.

Ni iyàn bá bẹ́. Àwọn tiwa ní bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ kàn. Àwọn Agége ní ẹsẹ̀ ló kàn. Mo ṣíwèé, mo ń kà á sí wọn létí pé ẹni tó bá ti fò lu ẹlòmíì lọ́nà tó lè ṣe é léṣe, kò sí ọ̀rọ̀ pé bọ́ọ̀lù ló kàn mọ́. Ta ló dá mi lóhùn? Fóòmáànù nìkan ni kò pariwo. Ó wò mí tìtì, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí. O ó rí mi."

Ọjọ́ Ajé, lẹ́tà ti ń dúró dè mí. Fóòmáànù ti sọ fún Máníjà, òyìnbó wa, pé ipò òun ni mò ń wá, ìdí nìyẹn tí mo fi dójú ti òun. Ó ní òun ò fẹsẹ̀ kan ẹnikẹ́ni, àfọ́kù ìgò inú koríko ló gé Lámídì. Ó sì ti gbé bàtà rẹ̀ fún Máníjà: àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ń dán, kò sí ìṣó kan tó yọrí. Wọ́n ní kí n wá wí tẹnu mi lọ́jọ́ Ẹtì, bí mi ò bá sì lẹ́rìí tí kì í ṣe ará Agége, kí n kó ẹrù mi. Nínú àwọn tiwa, ta ló máa jẹ́rìí ta ko Fóòmáànù? Ẹ̀yin ará, ìyàwó mi wà nínú oyún. Iṣẹ́ yẹn nìkan là ń jẹ.

Mo lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ọgbẹ́ náà kò jọ ti ìgò lójú òun, àmọ́ òun ò sí ní pápá, òun ò ní búra. Mo fura sí dókítà. Mo fura sí ẹni tó ń ṣọ́ géètì wa, nítorí ó rẹ́rìn-ín sí mi. Omi tí mo bá gbé sílẹ̀ lórí tábìlì, n kì í mu ún mọ́. Ẹnìkan fún mi ní àkàrà, mo jù ú fún adìẹ. Nígbà tí adìẹ náà ò kú, mo fura sí adìẹ.

Ẹni tí mo wá fura sí jù lọ ni Bàbá Ráímì, tó ń rán bàtà lábẹ́ igi máńgòrò níwájú géètì. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìmàle, àgbà. Lọ́jọ́ Ajé yẹn gan-an ni mo rí òun àti Fóòmáànù tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó pè mí pé akọ̀wé, yà lọ́dọ̀ mi. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lọ́jọ́rú, ó tún pè mí. Mo gba ẹ̀yìn ọgbà relé. Lọ́jọ́bọ̀, ó dìde, ó ń tẹ̀ lé mi, ó ń fọwọ́ pè mí. Ẹ̀yin ará, mo sáré. Èmi, odindi akọ̀wé!

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mò ń ka àwọn ọ̀tá mi fún Ọlọ́run nínú àdúrà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ wọn. Ìyàwó mi dúró títí mo fi ṣe àmín. Ó ní, "Gbogbo ayé lo ti fura sí tán. Ṣé o ti fura sí ara rẹ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò lè jẹ ẹ̀kọ tó gbé síwájú mi. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń wá ẹni tó ṣe mí, mi ò rántí ẹni tó tẹrí ba tó sì kọjá.

Nígbà tí a dé iwájú Máníjà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí náà nìyẹn: ṣé mo yẹ bàtà gbogbo wọn wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀? Fóòmáànù ń wò mí. Ó mọ̀. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti jẹ́rìí pé bàtà rẹ̀ dáa nìyẹn. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi ni mo rúfin. Jésù, mo dúpẹ́ pé o di ahọ́n mi mú! Mo ní, "Mo yẹ ti gbogbo wọn wò, àfi ti Fóòmáànù. Àgbà ni wọ́n, ojú tì mí láti ní kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ sókè."

Máníjà sọ pẹ́ńsù sílẹ̀. Ó ní a jẹ́ pé mi ò lẹ́rìí kankan. Mo ti ń ro ọ̀nà tí n ó gbà sọ ọ́ fún ìyàwó mi nígbà tí ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ẹni tí mo fura sí yẹn, wọlé. Ó ní bàbá kan wà níta tó ní òun ò ní lọ.

Bàbá Ráímì ni. Ó gbé ìdì kan dání tó fi ìwé àpò sìmẹ́ńtì wé. Ó tú u sórí tábìlì: àtẹ́lẹ̀ bàtà méjì. Ìṣó méjì yọrí lára ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ìdí wọn. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni Fóòmáànù gbé bàtà wá sílé òun, pé kí òun kan àtẹ́lẹ̀ tuntun, kí òun sì sun ti àtijọ́.

"Mo kan tuntun," ni bàbá wí. "Àmọ́ èmi kì í sun awọ. Èyí tó bá ṣì lágbára lára rẹ̀, mo máa ń gé e sí gìgísẹ̀ bàtà ọmọdé. Ìgbà tí mo fẹ́ gé e ni mo rí ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé ó wá bi mí bóyá mo ti sun ún, mi ò dá a lóhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe akọ̀wé yìí kí n fún un. Ó ń sá fún mi bí ewúrẹ́ tó rí òjò."

Halelúyà! Máníjà gbé àtẹ́lẹ̀ àtijọ́ lé bàtà náà, ó ṣe rẹ́gí, ihò ìṣó kò yà kúrò lójú ihò ìṣó. Fóòmáànù jókòó, ó ní ẹ̀rín tí wọ́n fi òun rín ló dun òun.

Iṣẹ́ mi dúró. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ wọ pápá fún wa mọ́. Èmi náà gba ìbáwí: Máníjà ní ojú mi ni ìṣó yẹn gbà wọ pápá. Òótọ́ ni. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Lámídì lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ti ń tẹ ẹsẹ̀ náà báyìí, ó ṣì ń tiro. Ẹ má dákẹ́ àdúrà lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà, orí bẹ́ǹṣì kan ni gbogbo wọn ń kó bàtà sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tọmọdé tàgbà, kò sẹ́ni tí yóò na àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Ìwọ tí o wà nínú wàhálà níbí lónìí, mi ò ní purọ́ fún ọ pé kò sí ọ̀tá. Ó wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí Ọlọ́run rán sí ọ lè ti máa pè ọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Jọ̀ọ́, yà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bàbá Ráímì ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní ibẹ̀ tó fún àwọn, pé àwọn á gbọ́ mi láti ibẹ̀. Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ṣé, sà. Ẹ forí jì mí.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, èmi ni n ó tún fọn fèrè. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí. Bàtà mi rè é, mo gbẹ́sẹ̀ sókè. Ẹni tó bá fura sí mi, kó súnmọ́ ibí, kó fọwọ́ pa á wò.