Mo Sọ Pé Ìyá Àgbà Ló Ń Ba Ọkàn Ọmọ Jẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ òkò sí mi, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ mi tán. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Ọkọ mi kò mọ̀. Pásítọ̀ wa kò mọ̀. Ní oṣù tó kọjá, níbi ìpàdé àwọn òbí ní Àrámọ̀kọ́ níbí, obìnrin kan dìde, ó ní ìwádìí ti fi hàn pé ọmọ tó bá ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kò mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ nílùú yìí. Kò sì mọ̀ pé n kò ní ẹ̀rí nígbà tí mo sọ ọ́. Mo jókòó, mo ń wo ilẹ̀. N kò lè gbé e mọ́.

Olùkọ́ ni mí. Èmi ni mo máa ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Nígbà tí mo padà sí yunifásítì láti gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìwà ènìyàn, mo ṣe ìwádìí láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Àrámọ̀kọ́, Èrìò àti Ìdó-Ilé. Mo pín fọ́ọ̀mù fún wọn. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń sùn dáadáa, bóyá wọ́n máa ń sunkún láìnídìí, bóyá ayé sú wọn. Mo tún bi wọ́n pé ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń gbé.

Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, ohun méjì ń rìn pọ̀. Àwọn tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ni ìbànújẹ́ wọn pọ̀ jù. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: inú mi dùn sí ìbànújẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, torí pé mo ti rí nǹkan kọ sínú ìwé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà ka iṣẹ́ náà. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "Ìyáàfin, ilé tí iná ń jó, ẹ ó rí àwọn tó gbé korobá omi dání yí i ká. Ṣé àwọn ni wọ́n tiná bọ̀ ọ́?"

Mo ní rárá, sà.

"Ó dáa. Ẹ lọ wò ó bóyá ìbànújẹ́ ló kọ́kọ́ dé ni, tàbí ìyá àgbà."

Ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ mi. Ìbéèrè kan wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù náà: kí ló gbé ọ dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà? Mo padà kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi kú. Màmá mi àti bàbá mi pínyà. Màmá mi lọ sí òkè òkun, wọn kò pè mọ́. Ìbànújẹ́ ló gbé ọ̀pọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà wọ̀nyẹn. Bóyá ìbá tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní wọn kò rí wọn sá bá. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn náà, torí n kò wádìí rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ kò ju pé méjèèjì ń rìn pọ̀.

Mo kọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀ sí apá ẹ̀yìn ìwé náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í kà dé. Mo gba oyè mi.

Lẹ́yìn náà, àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ọmọ títọ́. Mo mọ̀ pé tí mo bá ní "bóyá", tí mo bá ní "a kò tíì mọ̀ dájú", wọ́n á máa yán. Mo ní, "Ìwádìí ti fi hàn! Ìyá àgbà ló ń ba ọkàn ọmọ jẹ́. Ẹ lọ kó àwọn ọmọ yín padà!" Gbogbo ilé mì tìtì. Wọ́n ń pè mí ní Dókítà. N kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n n kò sọ fún wọn.

Ìyá àgbà ló tọ́ èmi náà dàgbà, ní Ìkógòsì. N kò mẹ́nu bà á.

Obìnrin kan tó ń ṣe irun ní Adó wá sípàdé àwọn ìyá náà, torí ọmọ ìlú wa ló fẹ́ ẹ. Màá pè é ní Rónkẹ́. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wà lọ́dọ̀ ìyá tó bí òun Rónkẹ́ ní Èrìò. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tó fi lọ mú ọmọ náà.

Màmá, ìyá Rónkẹ́, wá bá mi ní ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n mú iṣu méjì dání fún mi. Wọn kò jókòó.

"Tísà, ọmọ mi ní ẹ rí i nínú ìwé pé ulé mi ló ń pa ọmọ lára. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa? Ẹ sọ fún mi, màá jáwọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, àyè wà fún mi. Mo lè sọ pé, Màmá, ẹ kò ṣe nǹkan kan, èmi ni mo sọ àsọdùn. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ mìíràn wà nínú ọ́fíìsì, ojú sì ń tì mí. Mo ní, "Màmá, kì í ṣe èmi. Ìwádìí ló sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ìwé kì í purọ́." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo sì gba iṣu náà.

Màmá kú lọ́dún tó kọjá. Mo lọ síbi ìsìnkú. Ọmọ yẹn ti di ọ̀dọ́bìnrin, kò dá mi mọ̀. Mo kí i, mo ní kó pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sá wá bá wọn láti Adó, mà. Wọn kò jẹ́ kí n wọlé. Ìta ni wọ́n gbé oúnjẹ fún mi sí, wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní ìwé sọ pé àwọn kò dáa fún ọmọdé, kí n máa lọ."

Màmá gbà pé àwọn ni májèlé fún ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn jù, wọ́n sì gbé èrò náà wọ sàréè. Èmi ni mo fi sí wọn lọ́kàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá lọ bá Rónkẹ́, yóò mọ̀ pé lásán ni òun fi ya ìyá òun àti ọmọ òun. Tí n kò bá lọ, ọmọ yẹn yóò máa rò ó títí pé wọ́n lé òun ni. Ta ni kí n kọ́kọ́ bá, ìyá ni àbí ọmọ? Tí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bú mi, ẹ kọ́ mi bí a ṣe ń sọ fún ọmọ pé ìyá àgbà rẹ̀ kò kọ̀ ọ́.