Èmi Ni Mo Tú Àmúró, Kì í Ṣe Ráúfù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń rìn káàkiri ayé, ìyà tí mo sì ti jẹ kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé orúkọ òkú lè wúwo ju òkú fúnra rẹ̀ lọ. Bí mo bá jáde láàárọ̀ ní Múṣìn níbí, tí mo gba ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé kọjá, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn bíríkìlà tí wọ́n ń kọ́ ọmọ níṣẹ́: "Ẹ ṣọ́ra yín o, kí ẹ má ṣe bíi Ráúfù tó fọwọ́ ara rẹ̀ tú àmúró." Wọn a rẹ́rìn-ín. Èmi a tẹ orí ba bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀, n óò sì yára kọjá. Ráúfù kò tú àmúró kankan. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ni mo tú u. Ọdún mẹ́ta rèé tí ọ̀rọ̀ náà ti wà níkùn mi. Ta ni n bá sọ ọ́ fún? Ẹni tí mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ inú mi fún náà ni mo ṣẹ̀.

Ẹ má rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n n kò gbé ibẹ̀ dàgbà. Mo ti ru kòkó ní Kùmásì, mo ti bá wọn gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà rélùwéè, mo ti sùn sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, mo ti jẹun nínú agolo. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rí abuké rẹ̀, mo rí arọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ìyàwó méjì ló ti sá fún mi, n kò sì bá wọn wí. Nígbà tí mo fi dé Èkó, irun mi ti ń funfun, n kò sì ní ju ẹ̀wù ọrùn mi lọ. Iyanrìn ni mò ń rù ní Yábàá nígbà tí Ráúfù rí mi. Ọmọ Múṣìn ni, bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ọkọ Sìdíkátù, bàbá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Múnírátù. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ ru iyanrìn yìí ni àbí iyanrìn ló ru yín?" Mo bú u. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú mi lọ sílé rẹ̀, ó fún mi ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé. N kò sanwó ilé rí títí ó fi kú.

Òun náà ló fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Lásìkò yẹn, wọ́n ń wó ilé àwọn èèyàn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ń kó wọn wá sí Sùúrùlérè, ilé sì ń yọ lọ́tùn-ún lósì bí olú. Bíríkìlà pọ̀, ṣùgbọ́n igi tí wọn yóò gùn kò tó. Ráúfù ní kí n máa kó igi jọ, kí n máa fi sìkáfóòdù háyà fún àwọn tó ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó fún mi ní igi tirẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀, ó sì mú mi jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ilé, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní kéwú. "Èyí tó dúró, òpó nìyẹn. Èyí tó sùn gbalaja láti òpó dé òpó, ìdábùú nìyẹn. Pákó la ń tẹ̀, orí ìdábùú ló ń sùn lé. Ẹni tó bá wá háyà yóò béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ó ń fi ojú rí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹrin wà tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè." Ó wọnú ilé, ó na igi kan jáde lójú fèrèsé, ó dì í mọ́ òpó níta, ó sì fi igi mìíràn há a mọ́ ògiri nínú. "Èyí ni àmúró. Òun ló di sìkáfóòdù mọ́ ara ilé. Bí kò bá sí i, gbogbo igi tí ẹ rí yìí, ọ̀mùtí tó dúró lójú ọ̀nà ni." Mo bi í pé tí oníbàárà bá ní òun kò fẹ́ ẹ ńkọ́? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún un pé kó lọ háyà àkàbà."

Òfin méjì ló wà nínú iṣẹ́ náà, Ráúfù kì í sì í fi ṣeré. Ẹni tó so ó ni í tú u. Ẹni tó bá sì fọwọ́ kan ohunkóhun lára sìkáfóòdù, kó kọ́kọ́ gbé àkàbà sùn sílẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ gùn ún. Àwọn bíríkìlà kan wà tí wọ́n máa ń tú àmúró fúnra wọn nítorí kí wọ́n lè rí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ́ kíákíá. Ráúfù ti lé ọmọ iṣẹ́ méjì dànù nítorí ìyẹn. Ẹ rántí rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ náà gbè mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, àwọn èèyàn ń wá mi wá sílé. "Bàbá onígi dà?" Ó dùn mọ́ mi létí ju bó ti yẹ lọ. Àwa onígi sì ní àṣà burúkú kan tí mo tètè kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Kò sí ẹni tó ń fẹ́ kí oníbàárà gbọ́ pé igi òun ti tán, nítorí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló máa lọ, kò sì ní padà mọ́. Nítorí náà, bí igi kò bá tó, a máa ń lọ fa díẹ̀ yọ lára èyí tó ti dúró níbòmíràn, a óò dá a padà kí wọ́n tó mọ̀. Èyí tí a sì máa ń fà yọ ni àmúró, torí ẹni tó wà níta kì í rí i. Ráúfù kò mọ̀ pé mò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ṣé ẹ rí i bí Èṣù ṣe ń tan èèyàn?

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. Ráúfù ń rẹ́ ara ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Sùúrùlérè, igi mi ni wọ́n fi ṣe é, èmi àti òun la sì jọ so ó. Agbaṣẹ́ṣe kan láti Ìwáyà wá bá mi láàárọ̀, ó ní òun fẹ́ igi lọ́jọ́ náà. Ó ku igi mẹ́rin kí tirẹ̀ pé. Ǹjẹ́ kò yẹ kí n ní kó dúró dọ̀la? Ó kàn wò mí, ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ tóbi jù ní Múṣìn, àbí irọ́ ni wọ́n pa?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí. Mo ní kó máa lọ, igi rẹ̀ yóò bá a ńlé.

Nígbà tí gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ kírun, mo mú ọmọlanke kan àti ẹni tó ń tì í lọ sí Sùúrùlérè. Èmi tí ó yẹ kí n wà ní mọ́ṣáláṣí! Mo wọnú ilé náà, mo tú àmúró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo jù wọ́n sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Mo ní lọ́kàn mi pé kò sẹ́ni tí yóò padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, pé láàárọ̀ ọ̀la n óò ti so mìíràn. Pákó ṣì wà lókè. Àkàbà ṣì dúró. Ẹni tó ń ti ọmọlanke ń pariwo pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, oòrùn ń pa mí!" Mo wo àkàbà náà, ọkàn mi sọ fún mi pé kí n gbé e sùn. Mo yíjú padà. Ṣé iṣẹ́ ńlá ni kí èèyàn gbé àkàbà sùn sílẹ̀?

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé Ráúfù ti bá onílé ṣe àdéhùn pé ọ̀sẹ̀ náà kò ní parí kí òun tó rẹ́ apá kan tó ṣẹ́kù lókè. Bó ti kírun tán, ó bọ́ agbádá rẹ̀, ó ká a sórí búlọ́ọ̀kù, ó sì gun òkè lọ. Kò yẹ ohunkóhun wò. Kí ló fẹ́ yẹ̀ wò? Igi Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Nígbà tí mo ti Ìwáyà padà gba Sùúrùlérè kọjá, Ráúfù ti já bọ́, èrò sì ti pé lé e lórí. Gbogbo sìkáfóòdù náà ti ya kúrò lára ilé bí ìgbà tí èèyàn ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ọjọ́ méjì ló sì lò níbẹ̀. Mo jókòó tì í. Lọ́jọ́ kejì, ó la ojú, ó mọ̀ mí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Ráúfù, mo wà níbí."

"Àmúró dà?"

Mo fa aṣọ ìbora bò ó láyà. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo tú u o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé èmi ni."

Mo ní, "Mo gbọ́." Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn, "Mo gbọ́." Ó di ojú rẹ̀ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Kò tún là á mọ́.

Lẹ́yìn tí a sin ín tán, onílé pe àwọn àgbà bíríkìlà jọ sábẹ́ ilé náà. Wọ́n yẹ igi wò, wọ́n ní àmúró kò sí, ta ló tú u? Ọ̀kan nínú wọn tó ń jowú Ráúfù nítorí iṣẹ́ ní, "Ta ni ì bá tún tú u? Fèrèsé ló fẹ́ rẹ́. Àwọn ọ̀gá tó gbọ́n jù ni wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀." Gbogbo wọn wá kọjú sí mi. "Bàbá onígi, kí lẹ rí sí i?" Sìdíkátù wà níbẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ nínú aṣọ opó. Mo rántí Kùmásì, mo rántí iyanrìn, mo rántí ẹ̀yìn ilé tí mò ń gbé. Mo ní, "N kò sí níbẹ̀. Ó lè jẹ́ òun náà ni." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo rí i tó fọ́ lójú Sìdíkátù.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti dàrú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Ráúfù ní ọ̀gá àwọn ti dójú ti àwọn, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Sìdíkátù ń ta èédú báyìí. Èmi ta gbogbo igi mi, mo sì ń fi ohun tí mo bá rí ràn án lọ́wọ́, ó sì ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbà mí, ìkúnlẹ̀ yẹn dùn mí ju kó fi ọmọrogùn là mí lórí lọ!

Èyí tó wá mú mi kọ̀wé yìí ni pé Múnírátù ti rí ọkọ. Àwọn àna ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ìdílé bíríkìlà ni wọ́n, wọ́n sì ti ń kùn pé àwọn kò fẹ́ ọmọ ẹni tí àìbìkítà pa. Lánàá, Sìdíkátù wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ máa jókòó bíi bàbá rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá dárúkọ bàbá Múnírá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ ní ìkánjú ló ṣe é, pé kò burú tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti dárí jì í." Ó dárí ji Ráúfù! Kí ni Ráúfù ṣe?

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gba igi háyà, ẹ má fi òpó àti pákó nìkan ṣe, ẹ wọnú ilé lọ, ẹ fi ọwọ́ kan àmúró kí ẹnikẹ́ni tó gòkè. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi háyà, bí igi yín bá tán, ẹ sọ pé ó tán. Ìyẹn ni mo ní fún yín. Èmi náà wá ń tọrọ ìmọ̀ràn tèmi. Ṣé kí n pe Sìdíkátù sí kọ̀rọ̀ kí n sọ fún un ṣáájú ọjọ́ Àìkú? Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti ba orúkọ ọkọ rẹ̀ jẹ́. Ṣé kì í ṣe ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ló yẹ kí n ti tún un ṣe? Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n kò bà mí mọ́, mo ti sùn síbi tó burú ju ẹ̀wọ̀n lọ. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé ọmọ náà kò ní bàbá mìíràn tí yóò jókòó fún un. Bí mo bá la ẹnu mi, bàbá rẹ̀ tó kú yóò rí orúkọ rẹ̀ gbà padà, ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ náà, ta ni yóò wà lórí àga tí mo bá dìde kúrò lórí rẹ̀?