Kọ́kọ́rọ́ Ọjọ́ Jímọ̀

Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè jókòó pẹ́. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni láti ògiri dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀wọ̀n mi, mo ń lọ, mo ń bọ̀, títí obìnrin tí a jọ wà níbẹ̀ yóò fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí ojú òun sinmi. Bí mo bá kọ ìlà mélòó kan nínú ìwé yìí, màá tún dìde. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá ń já.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, láti Òjòkú. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ojú máa ń tì mí gan-an. Bí àlejò bá wọ ilé wa, ẹ̀yìn ìyá mi ni mò ń sá sí, kódà nígbà tí mo ti di ọmọge. Nígbà tí mo pé ọmọ ogún ọdún, wọ́n bá mi wá iṣẹ́ agbálẹ̀ sí ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń gbé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ọ̀fà. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Wọn ò ṣẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ka òfin ọgbà sí wa létí. Wọ́n ní kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ni í, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ ọgbà, àti ọ̀jọ̀gbọ́n àti agbálẹ̀, abẹ́ òfin kan náà ni gbogbo wa wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi káàdì ìdánimọ̀ ẹlòmíràn kọ́rùn. Ọkùnrin kò gbọdọ̀ wọ ilé àwọn obìnrin. Kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ pọ́tà tó ń ṣọ́ ilé. Mo fọwọ́ sí i. Nínú ọkàn mi, mo ní kí ló kàn mí níbẹ̀? Ta ni yóò fún èmi ní káàdì rẹ̀?

Alhaja ni pọ́tà wa, obìnrin àgbà tí kì í pa ìrun Jímọ̀ jẹ. Ní Jímọ̀ kan, ẹni tó yẹ kó dúró fún wọn kò wá. Wọ́n bi mí bóyá èmi náà ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo wolẹ̀, mo ní mi ò kírun lọ́wọ́lọ́wọ́. Òótọ́ ni lọ́jọ́ yẹn, nǹkan oṣù mi ló dé. Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ géètì irin, ọ̀kan ṣoṣo tí ilé náà ní, wọ́n sì yára lọ.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Àǹtí Tọ́lá fi sọ̀ kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, òkè ló ń gbé. Ó ní ọ̀rẹ́kùnrin òun, Dòtun, fẹ́ wọlé wá kí òun. Mo mi orí pé rárá, ẹnu mi ò lè sọ ọ́. Ó bọ́ káàdì ọrùn rẹ̀, ó fi kọ́ mi lọ́rùn.

Ó ní, "Lọ fi ṣe fáàrí ní kantíìnì. Kò sẹ́ni tó ń wo àwòrán inú ẹ̀."

Mo ṣí géètì fún Dòtun, mo tì í, mo sì lọ. Ọmọbìnrin kan tí kò mọ̀ mí rí ní kí n sún díẹ̀ fún òun lórí bẹ́ǹṣì, ó wá bi mí pé ọdún kelòó ni mo wà. Mo ní ọdún kejì. Ohùn mi jáde gaara. Mi ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí Jímọ̀ kejì dé, mo tún sọ fún Alhaja pé mi ò kírun. Irọ́ ni. Mo pa á ní Jímọ̀ kẹta. Ní ìkẹrin, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kì í dá ni?"

"Ara mi ni ò yá, mà."

Ojú ti àwọn náà láti bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ra oògùn ẹ̀jẹ̀ wá fún mi, mo sì ń mu ún níwájú wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn wà nínú ilé náà tó ń jẹ́ Fèyí, ọmọ tíṣà kan ní Ìlémọnà. Ó rí Dòtun níbi tó ti ń fi bẹ́líìtì na akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan lẹ́yìn kíláàsì, ó sì sọ ohun tó rí fún ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n lé Dòtun kúrò nílé ẹ̀kọ́. Kò wá mọ́, èmi náà ò sì rí káàdì fi kọ́rùn mọ́. Síbẹ̀ mò ń gba kọ́kọ́rọ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, torí mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún Alhaja pé ara mi ti yá.

Ní Jímọ̀ tó bà mí láyé jẹ́, Àǹtí Tọ́lá wá bá mi. Ó ní Dòtun fẹ́ bá Fèyí sọ̀rọ̀, kó lè bẹ̀ ẹ́ kó lọ yí ẹnu padà.

Mo ní, "Wọ́n ti lé wọn kúrò lọ́gbà, Àǹtí. Bí Fèyí ò bá gbà ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń sọ fún Alhaja láti oṣù mẹ́ta pé òun ò kírun? Àbí kí n bá ẹ ṣàlàyé fún wọn?"

Dòtun dé pẹ̀lú nǹkan tí ó fi ìwé ìròyìn wé lábẹ́ apá. Ní kóòtù, mo ní mo rò pé agboorùn ni. Irọ́ ni mo pa. Ìwé náà ti ṣí lẹ́nu, èèkù àdá sì yọ. Ọmọ àgbẹ̀ kì í ṣi èèkù àdá mọ̀. Ó rí i pé mo ti rí i. Mo ṣí géètì fún un. Ó ní kí n tì í láti ìta, mo tì í.

Ilé dá, àwọn kan ń kírun, àwọn kan wà ní kíláàsì. Kò pẹ́ tí Fèyí fi sáré sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti bo èjìká rẹ̀. Ó di irin géètì mú. Kò pariwo, bí ẹni tó ń bẹ̀ mí níṣẹ́ ló ṣe sọ ọ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i."

Kọ́kọ́rọ́ wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò, torí òun ni mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Mo rò pé bó bá jáde báyìí, èrò á pé lé e lórí, Alhaja á dé, wọ́n á bèèrè ẹni tó ṣílẹ̀kùn, gbogbo ayé á sì gbọ́ pé mò ń fi nǹkan oṣù purọ́. Ó tún pè mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo kọ ẹ̀yìn sí i.

Nígbà tí Dòtun ní kí n ṣílẹ̀kùn kí òun jáde, mo ṣí i kíá.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ti ara wọn mọ́lé lókè rí mi láti ojú fèrèsé, bí mo ṣe dúró tèmi ti kọ́kọ́rọ́. Wọ́n mú Dòtun, wọ́n mú Àǹtí Tọ́lá, wọ́n mú mi. Alhaja pàdánù iṣẹ́ wọn. Wọ́n wá jẹ́rìí ní kóòtù, wọ́n sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Jímọ̀ wọ̀nyẹn lójú bàbá mi, lójú bàbá Fèyí, lójú gbogbo èrò. Mo dijú. Nígbà tí mo lajú, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó tilẹ̀ yíjú wò mí. Lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè mìíràn. Gbogbo ohun tí mo torí ẹ̀ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kú kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́, àti ẹ̀yin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ bíi tèmi, bí wọ́n bá ka òfin sí yín létí, ẹ má ṣe rò pé ti ẹlòmíràn ni. Bí ẹ bá sì ti rú u, tí ẹ ti purọ́, ẹ lọ sọ ọ́ lónìí, nígbà tó ṣì kéré. Wọ́n á bá yín wí, wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ó sunkún délé. Ẹ ó délé ṣá. Tí ẹnì kan bá sì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ ṣí i fún un. Kí ojú wá tì yín lẹ́yìn náà.