Mọ́tò Tó Ń Jí Ní Tútù

Mò ń bó ọsàn tí mò ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta mọ́tò àlòkù ní Sokodé, ni ìyá oníṣu kan láti Kambolé fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó fẹ́ rà.

"Àlàájì, kí ló dé tó ti gbóná?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á dé ni, màmá."

"Ẹ pa á. Tá a bá kírun alásàrí tán, màá padà wá. Ìdájí ni mo máa ń kẹ́rù. Mọ́tò tó ń jí ní tútù ni mo fẹ́."

Nígbà tó padà dé, Àlàájì ṣáná sí mọ́tò náà; ó wúkọ́, ó rú èéfín, ó kú.

"Áà, Àlàájì! Ẹ ti mú un gbóná dè mí! Ẹ ṣáná sí ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yẹn, ìyẹn ṣì tutù."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó jí. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ọmọ mi tó ń bá mi tajà bi mí pé kí ló ń dùn mọ́ ọn. Mo ní, "Ó mọ̀ ọ́n dúró de ìgbà tí ẹ́ńjìnnì á tutù ni."