Igbá Àkọ́kọ́ ní Ọ̀fàdà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ìsìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè dìde dúró lónìí, tó sì jẹ́ kí ohùn mi jáde. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí pé, "Tíṣà, ìgbà wo lẹ máa jẹ́rìí àdúrà tí a gbà fún Délé?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹ̀rí mi kò ní ijó nínú.

Gbogbo yín lẹ mọ Délé, àbúrò mi, tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó ìrẹsì láti Ọ̀fàdà wá sí ọjà Kútọ̀. Nígbà tí ìrẹsì òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ọjà, kò fi ti Ọ̀fàdà sílẹ̀. Ẹ tún mọ Ìyá Ráfíù, oníṣòwò ìrẹsì, tí wọ́n máa ń jókòó ti Délé níwájú ọkọ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ ìjọ sì ni àwa, síbẹ̀ tí wọ́n bá pa àgbò Iléyá, ilé wa ni ẹran máa ń kọ́kọ́ dé.

Ní oko Ọ̀fàdà tí Délé ti ń kó ẹrù, bí wọ́n bá ti di ẹrù sínú ọkọ̀ tán, awakọ̀ ni wọ́n máa ń bu igbá ẹmu àkọ́kọ́ fún. Àgbà oko ló máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e, awakọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ gbà á. Àpọ́nlé ni. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, wọ́n á ní ó fojú di àwọn. Kò sì sẹ́ni tó ń ka ẹmu sí ọtí níbẹ̀. Oúnjẹ ni wọ́n kà á sí. Wọ́n á ní bíà ni ọtí, pé ẹmu kàn ń la ojú ni.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ Sátidé kan ni ọkọ̀ náà yà kúrò lójú títì, tó sì forí sọ igi. Apá Délé ṣẹ́. Ìyá Ráfíù kò dìde mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa lọ kí àwọn ọmọ wọn, ẹ rántí bí àdúgbò náà ṣe dákẹ́. N kò lè sọ púpọ̀ nípa ìyẹn.

Ọlọ́pàá fi ẹ̀sùn kan Délé pé ó mutí wakọ̀, ó sì fi bẹ́ẹ̀ pa èèyàn. Mo lọ bá a ní tẹ́ṣàn, mo bi í léèrè. Ó wo ojú mi, ó ní òun kò fi ọtí kan ẹnu, pé búréèkì ló já. Mo gbà á gbọ́, nítorí láti kékeré ni kì í ti í purọ́ fún mi. Ìgbà náà ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá síbí. Ẹ bá mi gbààwẹ̀. A bẹ Ọlọ́run kó fọ́ ẹjọ́ náà. Àwọn kan nínú yín ní iṣẹ́ ayé ni, pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìlara ọkọ̀ náà. Mo ṣàmín sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, Ráfíù, àkọ́bí ìyá náà, wá bá wa níta kóòtù. Mo rò pé ó fẹ́ bú wa ni. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó wá kọjú sí Délé.

"Bọ̀dá Délé, ẹ̀yin lẹ wà lọ́dọ̀ wọn. Kí ni ìyá wa sọ kẹ́yìn?"

 Kí Délé tó dáhùn, wọ́n pè wá wọlé.

Nígbà tí adájọ́ bi í bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, lọ́yà wa ti mi orí sí i pé kó ní òun kò jẹ̀bi. Délé kò wo lọ́yà. Ráfíù ló ń wò.

"Búréèkì kò já," ó ní. "Ẹmu ni mo mu. Ìyá sọ fún mi pé, 'Délé, ojú ẹ ti ń pọ́n, dúró lábẹ́ igi ọ̀hún ká sinmi.' Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, 'Ìyá, ẹmu kì í ṣe ọtí.' Wọn ò sọ nǹkan mìíràn mọ́."

Ráfíù fi fìlà bo ojú.

Wọ́n ju Délé sẹ́wọ̀n. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, ẹ fi ìfẹ́ wá bá mi, ẹ ní kí n má bọkàn jẹ́, pé Ọlọ́run tí kò dáhùn lónìí á dáhùn lọ́la. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n tún ìyẹn ṣe díẹ̀, bí mo ti máa ń ṣe ní kíláàsì. Ọlọ́run ti dáhùn. Ẹjọ́ la ní kó gba Délé lọ́wọ́ rẹ̀. Irọ́ ni Ọlọ́run kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sì tún sọ pé ayé ni. Kò sí ayé kankan nínú ọkọ̀ yẹn. N kò ní kí àgbàlagbà má mu ẹmu rẹ̀ níwọ̀nba nílé o. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mò ń bá wí.

Délé ti jáde. Ó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn yẹn. Ẹ má wulẹ̀ yíjú wò ó. Ráfíù, tó ti gba ìsọ̀ ìyá rẹ̀, ló fún un ní ẹrù àkọ́kọ́. Mo bá òun àti Ráfíù lọ sí Ọ̀fàdà. Nígbà tí wọ́n di ẹrù tán, bàbá àgbà oko gbé igbá dé. Délé bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ọmọ Ìyá Ráfíù ni mo fẹ́ gbé délé."

 Bàbá náà gbé igbá ọ̀hún, ó da ẹmu padà sínú kèrègbè, ó fi ewé dí i lẹ́nu, ó ní kí n máa gbé e lọ sílé, kí Délé mu ún lọ́jọ́ tí kò bá ní í wakọ̀. Ó wá bu omi sínú igbá kan náà, ó gbé e fún un. Délé mu omi náà, ó ń sunkún. Ẹmu ti kan nílé mi báyìí. Délé kò béèrè rẹ̀.

Ògo ni fún Ọlọ́run tó dá àbúrò mi padà fún mi, tòun ti òtítọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ bá mi yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rọra yọ̀ o, kí orin wa má baà dé ilé Ìyá Ráfíù bí ìgbà tí a ti gbàgbé wọn.